Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù: ìdáhùn fún onípíkọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń kó irin àti símẹ́ǹtì. Bí mo bá ti di ẹrù sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ á wọlẹ̀, iná iwájú á sì máa kọjú sókè. Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ wá, kí n fi èyí tó nípọn, tó ní gáàsì nínú, pé ìyẹn á gbé ẹ̀yìn náà dìde, màá sì lè kó ju bí mo ṣe ń kó lọ. Irú èwo ni kí n rà? Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi, tiwájú tẹ̀yìn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi àwọn tó ń fi irọ́ tajà ni. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù. Sípíríǹgì ló ń rù ú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, òun ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn yẹn. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni pé kó mú sípíríǹgì dákẹ́ lẹ́yìn tí táyà bá bọ́ sí kòtò, kí ọkọ̀ má baà máa fò sókè sódò.

Bó bá jọ irọ́ lójú yín, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun dúró lórí ilẹ̀, kí ọ̀pá rẹ̀ wà lókè, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Á le díẹ̀, ṣùgbọ́n á rọra máa wọlé. Èyí tó ní gáàsì á tún rọra yọ padà tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ìyẹn gan-an ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn tẹ̀ wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ gbé ẹrù kílò 500 dúró? Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, irin kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ sì wà nídìí ọ̀pá náà. Bí ọ̀pá bá ṣe ń yára sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣòro fún ọ́ìlì láti gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá, agbára tí sípíríǹgì fẹ́ fi fò á sì di ooru. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí gáàsì fi ń tì í, tí kò tó nǹkan, ṣọ́ọ̀kì ò ṣe iṣẹ́ kankan. Gáàsì náà kò sí níbẹ̀ fún ẹrù. Ó wà níbẹ̀ kí ọ́ìlì má baà hó bí omi ọṣẹ lójú ọ̀nà gbágungbàgun, nítorí ọ́ìlì tó bá ti hó kò lè dá nǹkan kan dúró mọ́.

Ṣọ́ọ̀kì tó le jù tún lè ba ọ̀ràn jẹ́ sí i. Lójú ọ̀nà tí gegele rẹ̀ tẹ̀ léra, kì í jẹ́ kí sípíríǹgì tètè padà sókè. Òmíràn á ti tún kàn án kó tó nà tán. Ẹ̀yìn tí ẹ ń sá fún pé ó ń wọlẹ̀ á wá máa wọlẹ̀ sí i lórí ìrìn.

Àwọn ṣọ́ọ̀kì kan wà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Òótọ́ ni, ìyẹn ń gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n orí bọ́ọ̀tù ṣọ́ọ̀kì ni ìwúwo náà á wá dúró lé. Mo ti rí ibi ìdè tó ya kúrò lára ṣásíìsì.

Láti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín, ẹ tú ẹrù sílẹ̀. Ẹ wọn láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí irin tó bò ó lókè, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá kéré, tàbí tí méjèèjì wọlẹ̀ láìsí ẹrù, sípíríǹgì ti rẹ̀ tàbí kó ti dá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, tí wọn kò sì wọlẹ̀, ẹrù yín ló pọ̀ jù. Ẹ wo àkọlé tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà dẹ́rẹ́bà, níbi tí wọ́n kọ ìwúwo tí ọkọ̀ lè gbà sí. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó ń yí nọ́ńbà yẹn padà. Irin tí ẹ bá fi kún sípíríǹgì náà kò lè yí i padà, nítorí búréèkì àti táyà ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Bí ọ́ìlì bá ń kán lára ṣọ́ọ̀kì, tàbí tí táyà ń jẹ kélekèle, nígbà náà ni kí ẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, méjì-méjì. Fún ọ̀nà ọ̀dà, irú èyí tó bá ọkọ̀ wá tó. Fún ọ̀nà burúkú lójoojúmọ́, ṣọ́ọ̀kì onípáìpù kan sàn ju onípáìpù méjì, tí páìpù kan wà nínú òmíràn, lọ, torí ooru tètè ń kúrò lára onípáìpù kan.

Tẹ̀yìn, ẹ lè ṣe é, bí ọkọ̀ bá dúró lórí irin ìdúró, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ má fi páláyà di ọ̀pá dídán yẹn mú. Ẹ má sì fún bọ́ọ̀tù pa títí táyà á fi padà sílẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rọ́bà rẹ̀ á lọ́, á sì tètè ya. N kò rí ọkọ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún kó ẹrù.

Tiwájú, rárá. Inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù wà, nọ́ọ̀tì òkè ló sì há sípíríǹgì náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú u láìdì í lè kú. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé irin wo ló fi ń di sípíríǹgì kó tó tú u. Bí kò bá ní, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.