Ẹ Bi Wá Ká Sọ Fún Yín: Sójà Méjì, Ipò Kan Náà, Kí Ló Dé Tí Pẹ́ńṣọ̀n Wọn Ò Dọ́gba?

Fọ́tò àwọn bàbá sójà ilẹ̀ Íńdíà tá a tẹ̀ lóṣù tó kọjá ti mú kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí wa gan-an o. A ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ a mú díẹ̀ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo rí àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n fi mẹ́dààlì sáyà, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Delhi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ni. Ṣé gọ́mẹ́ǹtì wọn ò sanwó fún wọn ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? — Ọmọ Sójà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ Sójà, ẹ ṣé. Wọ́n ń sanwó fún wọn o, oṣooṣù ló ń wọlé, kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ọdún téèyàn fẹ̀yìntì ló ń sọ iye tó máa gbà. Ẹ wò ó báyìí: sójà méjì, ká ní sájẹ́ǹtì làwọn méjèèjì, iye ọdún kan náà ni wọ́n lò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan fẹ̀yìntì ní 1990, èkejì ní 2010. Lọ́hùn-ún, bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pay Commission máa ń jókòó láti tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tò, àwọn sójà náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn tí owó oṣù ti gbéra, orí owó tuntun yẹn ni wọ́n á ti ṣírò pẹ́ńṣọ̀n tiẹ̀, ẹni tó ti lọ ṣáájú á kàn rí ẹ̀kún díẹ̀ gbà, tí kò sì ní bá ti ẹnì kejì dọ́gba láéláé. Ó burú débi pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ lè máa gba owó tó kéré sí ti ẹni tó ń sàlúùtù fún un nígbà yẹn, torí pé ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì.

Ohun táwọn bàbá yẹn wá ń béèrè fún ni One Rank One Pension, OROP ni wọ́n ń gé e kúrú sí: tí ipò bá dọ́gba, tí iye ọdún tẹ́ ẹ fi sìn bá dọ́gba, kí owó náà dọ́gba, ọdún yòówù kẹ́ ẹ fẹ̀yìntì, tí wọ́n bá sì fowó kún tàwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó kan tẹ̀yin náà láìjẹ́ pé ẹ tún ń lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì máa ń sọ pé ọdún 1973 ni ọ̀rọ̀ bà jẹ́, ọdún kejì lẹ́yìn ogun tó bí Bangladesh, wọ́n ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí sójà kékeré gbà kẹ́yìn ni pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá jù ú wálẹ̀ sí àádọ́ta. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, ní 2009 àwọn kan tiẹ̀ kó mẹ́dààlì wọn lọ dá padà fún Ààrẹ. Ẹ rò ó wò, ohun tẹ́ni náà fẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rà! Ní December 2011, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan tí Bhagat Singh Koshyari jẹ́ alága ẹ̀ jábọ̀ pé òótọ́ làwọn sójà yìí ń sọ, kí ìjọba fún wọn. Nígbà tó di September 2013, Narendra Modi tó ń wá ipò olórí ìjọba nígbà náà dúró níwájú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ní Rewari, ní ìpínlẹ̀ Haryana, ó bá wọn sọ̀rọ̀ OROP. Ní February 2014 ìjọba tó wà lórí oyè kó bílíọ̀nù márùn-ún rúpì sínú ìṣúná fún un. Ìjọba yẹn lọ, Modi wọlé, ọdún kan kọjá, wọn ò tíì rí nǹkan kan gbà.

Ìyẹn ló gbé wọn dé Jantar Mantar ní June 2015, ibi táwọn èèyàn ti máa ń fẹ̀hónú hàn ní Delhi. Ẹ̀ẹ̀rùn Delhi kì í ṣe kékeré. Àwọn bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ọgọ́rin ọdún, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n pín ara wọn láti máa febi panu, tí àwọn kan bá febi panu tòní tán, àwọn míì á gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di August 14, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣayẹyẹ òmìnira, ọlọ́pàá dé, wọ́n láwọn fẹ́ kó wọn kúrò níbẹ̀ torí ààbò, wọ́n ń fà wọ́n, wọ́n ń tì wọ́n, aṣọ ẹlòmíì fàya pẹ̀lú mẹ́dààlì láyà. Fọ́tò yẹn ni gbogbo Íńdíà rí láàárọ̀ ọjọ́ òmìnira. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn kan láàárín wọn láwọn ò jẹun mọ́ títí ikú. Ní September 5, Manohar Parrikar tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò bọ́ síta, ó ní ìjọba ti gbà.

ÌBÉÈRÈ: Tí ìjọba bá ti gbà ní 2015, kí ni wọ́n tún ń bá kiri kọ́ọ̀tù? Àbí àwọn sójà yìí ò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn ni? — Aláàánú, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ má pè é ní àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n fún wọn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n béèrè. Àkọ́kọ́ ná, ìjọba mú ọdún 2013, ó wo ẹni tó gba pẹ́ńṣọ̀n tó kéré jù àti ẹni tó gba èyí tó ga jù nínú àwọn tí ipò àti ọdún iṣẹ́ wọn dọ́gba, ó pín in sí àárín. Ká ní ọ̀kan ń gba rúpì 8,000, tí èkejì ń gba 12,000, 10,000 ni wọ́n á gbé gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ dé, ẹni tó bá sì ń gba 12,000 tẹ́lẹ̀, wọn ò ní gé tiẹ̀. Ó dáa, àmọ́ 10,000 ò tíì dọ́gba pẹ̀lú 12,000. Èkejì, wọ́n ní ọdún márùn-ún márùn-ún làwọn á máa tún un wò. Àwọn sójà ní ọdọọdún làwọn fẹ́, torí láàárín ọdún márùn-ún yẹn àlàfo á ti tún là. Wọ́n tún yọ ẹni tó bá fúnra ẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn kúrò pátápátá.

Ẹgbẹ́ Indian Ex-Servicemen Movement bá lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní March 16, 2022, Adájọ́ Chandrachud àti àwọn méjì míì dájọ́ pé ọ̀rọ̀ ètò ìjọba ni, àwọn ò rí ibi tó ti tàpá sí ìwé òfin. Ìyẹn dun àwọn bàbá yẹn. Àmọ́ kọ́ọ̀tù náà ní ọdún márùn-ún tí ìjọba fẹnu ara ẹ̀ sọ ti pé láti July 1, 2019, ó yá, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n san àjẹsílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta lọ, òmíràn tún lọ, December 2022 kó tó di pé ìjọba fọwọ́ sí i fún àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Ó tún wá ku sísan, iléeṣẹ́ ètò ààbò kọ̀wé jáde pé ìdá mẹ́rin làwọn á san án sí, kọ́ọ̀tù gbaná jẹ, ó ní wọn ò lè fọwọ́ ara wọn yí àṣẹ kọ́ọ̀tù padà. Agbẹjọ́rò àgbà mú ìwé kan wá nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa, adájọ́ ní òun ò gbà á, ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ kí wọ́n sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ní March 20, 2023, wọ́n wá là á kalẹ̀: àwọn opó àtàwọn tó gba mẹ́dààlì akọni gbọ́dọ̀ gba tiwọn tán kí April ó tó parí, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kí June ó tó parí, àwọn tó kù ní ìdá mẹ́ta títí di February 2024. Bílíọ̀nù 280 rúpì ni gbogbo àjẹsílẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Owó yìí pọ̀, mi ò ní purọ́, orílẹ̀-èdè tó ní sójà tó ti fẹ̀yìntì tó báyìí gbọ́dọ̀ ṣírò dáadáa. Àmọ́ ẹ má fi ìṣírò jẹ ẹni ọgọ́rin ọdún níyà. Owó tó tọ́ sí i ní July 2019, ẹ fún un ní 2023, àwọn mélòó ló ti kú sáàárín ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Opó sójà ni mí. Ṣé wọ́n rántí àwọn ìyàwó lọ́hùn-ún? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àfaradà o. Wọ́n rántí wọn. Pẹ́ńṣọ̀n ìdílé wà, tí ọkọ bá kú, ìyàwó á máa gba ìwọ̀nba kan nínú ẹ̀, òun náà sì wà nínú OROP. Ní 2015, nígbà tí àwọn yòókù ń gba àjẹsílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n san tàwọn opó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há wọn lọ́rùn ni ìwé. Ọdọọdún lèèyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ ń fi ìka ṣe é lórí ẹ̀rọ, ẹ̀yin náà ẹ wo ìka màmá tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ roko, ẹ̀rọ yẹn á ní òun ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ojú kún un báyìí, èèyàn lè fi fóònù ya ojú ara ẹ̀. Wọ́n tún kó gbogbo pẹ́ńṣọ̀n sójà sórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní SPARSH, tí orúkọ màmá nínú ìwé iṣẹ́ ọkọ ò bá bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu, wàhálà dé. Ẹ̀yin náà ẹ yẹ orúkọ yín wò níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pe yín.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ sójà nìkan ló yẹ kí wọ́n ṣe irú èyí fún? — Tíṣà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, sà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún máa ń fẹ̀yìntì. Sójà kékeré, wọ́n fẹ́ kí agbára wà lára ẹ̀, ó lè má tíì pé ogójì ọdún tí wọ́n á ti ní kó máa lọ, ọmọ ẹ̀ ṣì wà ní praímárì, àwọn òbí ẹ̀ ṣì wà láyé, kò sì ní gba ìgbéga tí ì bá gbà ká ní wọ́n jẹ́ kó dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní tàwọn yàtọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi, sà. Ní December 1982, ilé ẹjọ́ kan náà ní Íńdíà dá ẹjọ́ Nakara, òṣìṣẹ́ ìjọba lọkùnrin náà kì í ṣe sójà, wọ́n ní pẹ́ńṣọ̀n kì í ṣe owó àánú, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ tó fẹ̀yìntì yà á sọ́tọ̀ láìnídìí. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣayẹyẹ ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní gbogbo December 17. Níbí, ìwé òfin wa fúnra ẹ̀, abala 173, sọ pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ wò, tàbí ìgbà tí wọ́n bá tún owó oṣù wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé níbẹ̀. Abala 210 sọ ohun kan náà fún ti ìpínlẹ̀. Ẹ kó ẹgbẹ́ yín jọ, ẹ mú un lọ bá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ sójà níbẹ̀ báyìí náà á gba pẹ́ńṣọ̀n? — Àbúrò yín, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà á, àbúrò. Láti June 2022 ni wọ́n ti gbé Agnipath dé, ìyẹn ètò tuntun tí wọ́n fi ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ sójà, ọdún mẹ́rin lọ̀dọ́ á fi ṣiṣẹ́, wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́rin wọn dúró sẹ́nu iṣẹ́, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yòókù á gba owó kan tó lé ní mílíọ̀nù kan rúpì, wọ́n á sì máa lọ sílé láìsí pẹ́ńṣọ̀n. Inú àwọn ọ̀dọ́ ò dùn nígbà yẹn rárá, wọ́n dáná sun ọkọ̀ ojú irin ní Bihar. Àwọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdálẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìparí ọdún 2022 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹ bá mi ṣírò ọdún mẹ́rin lé e.