Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Éèyi Ń Mú Èèyàn Lẹ́ẹ̀kan, Kí Ló Dé Tí Ọ̀fìnkìn Ò Yéé Padà Wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ní éèyi ti mú àwọn ní kékeré, pé kò tún lè mú àwọn mọ́ láéláé. Ó dáa, ọ̀fìnkìn wá ńkọ́? Bó ṣe ń kúrò lára èmi àti àwọn ọmọ mi ló tún ń dé. Ṣé ara tiwa ò lágbára tó ti màmá ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni màmá yín sọ, ẹ bá wa kí wọn. Àmọ́ ara tiwọn ò lágbára ju tiyín lọ o, àìsàn méjèèjì yẹn ni ò jọra.

Kòkòrò tó bá fẹ́ wọ ara, awọ ló kọ́kọ́ máa dí i lọ́nà, tí awọ ò bá sì ya tàbí bó, ọ̀pọ̀ wọn ò ní rí ibi gbà rárá. Imú ní ikun tó ń mú wọn lẹ̀, ásíìdì inú ikùn ń pa púpọ̀ nínú èyí tá a bá gbé mì, omijé àti itọ́ náà ní èròjà kan tó ń jẹ́ lysozyme tó ń ba bakitéríà jẹ́ (Alexander Fleming tó padà wá rí pẹnisílíìnì ní 1928, òun náà ló kọ́kọ́ rí èyí). Tí kòkòrò bá ṣì ráyè wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sáré débẹ̀, inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe wọ́n jáde lójoojúmọ́. Àwọn tó ń kọ́kọ́ dé kì í béèrè irú kòkòrò tó jẹ́, wọ́n kàn ń gbé e mì ni, àwọn náà á sì kú síbẹ̀. Ọyún tẹ́ ẹ máa ń rí lójú egbò, òkú wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibi tó wá yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ara tún ní àwọn sẹ́ẹ̀lì míì, B àti T ni wọ́n ń pè wọ́n, oríṣiríṣi wọn pọ̀ kọjá kíkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun kan pàtó tó lè dá mọ̀, bí kọ́kọ́rọ́ kan ṣe ń bá àgádágodo tiẹ̀ nìkan mu. Kí àìsàn tó dé rárá ni ara ti ṣe wọ́n sílẹ̀! Tí éèyi bá dé, èyí tó bá a mu láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nínú àwọn kókó tó wà lọ́rùn, lábẹ́ àgbọ̀n àti ní abíyá, ìdí nìyẹn tí àwọn kókó yẹn fi ń wú tára ò bá yá. B á wá máa tú àńtíbọ́dì jáde, ìyẹn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò kó má bàa ráyè ṣọṣẹ́, T ní tiẹ̀ á máa pa sẹ́ẹ̀lì ara tí fáírọ́ọ̀sì (irú kòkòrò tó ń fa éèyi àti ọ̀fìnkìn) ti wọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ yìí tó gbóná dáadáa, àsìkò yẹn gan-an ni àìsàn ń fi èèyàn dùbúlẹ̀. Àmọ́ tó bá parí, díẹ̀ lára wọn ò ní kú, wọ́n á dúró, wọn ò sì ní gbàgbé.

Ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ní 1846 éèyi wọ erékùṣù Faroe tó wà lábẹ́ Dẹ́ńmákì, nǹkan bí 6,000 èèyàn ló mú nínú àwọn tí ò pé 8,000. Ìjọba Dẹ́ńmákì rán dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Peter Panum lọ síbẹ̀, ó wá rí i pé àwọn arúgbó tí éèyi ti mú ní 1781, kò tún mú ẹyọ kan nínú wọn. Ọdún 65 ló wà láàárín ẹ̀ o, ara wọn ṣì rántí.

Ọ̀fìnkìn wá ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan, rhinovirus nìkan lé ní 100 oríṣi, ká má tíì ka àwọn yòókù. Ara yín rántí ti oṣù tó kọjá, òmíì ló tún dé. Àwọn ọmọdé ò tíì bá púpọ̀ pàdé, ìyẹn ló fi ń mú wọn ṣáá.

Ìbéèrè: Tí ara ọmọ bá ti gbóná, ṣé kí n tètè fún un ní antibiotic?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Antibiotic ò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ọpọlọ fúnra ẹ̀ ló ń mú kí ara gbóná sí i, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò ò gbádùn ooru yẹn. Ẹ fún un lómi dáadáa, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara ẹ̀ bá ti gbóná dé 38°C, họsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní ó sàn kí éèyi mú ọmọ fúnra ẹ̀ ju kó gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀ lọ, pé àjẹsára (agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà) tó bá tibẹ̀ wá ló lágbára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí ọmọ ló máa jìyà ẹ̀. Éèyi lè di àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ó lè fọ́ ojú, ó lè wọ ọpọlọ, ó sì ń pa ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí yẹn gan-an ni éèyi ń pa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tí ò gba abẹ́rẹ́ ní Netherlands, fi hàn pé lẹ́yìn éèyi, oríṣi àńtíbọ́dì tí wọ́n ti ní fún àwọn àìsàn míì dín kù, látorí 11 títí dé 73 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó yẹ kó ti borí àìsàn kan tẹ́lẹ̀ á tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́, B àti T á dá a mọ̀, wọ́n á rántí ẹ̀, láìba ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un, tí ọmọ bá sì gba méjèèjì pé, ó ń dáàbò bo nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ.

Tí ọjọ́ ti abẹ́rẹ́ kejì bá ti kọjá, ẹ ṣì lè gbé e lọ, wọn ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́. Tí ọmọ bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń dín agbára àjẹsára kù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un, torí fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe òkú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má rí i gbà rárá, abẹ́rẹ́ táwọn ọmọ yòókù tó wà nítòsí ẹ̀ gbà ni ò ní jẹ́ kí éèyi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.