Mo jẹ́ RPN ní Ontario, mo fẹ́ di RN: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ RPN (nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì) ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Ontario, ní Kánádà. Ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì ní Nàìjíríà. Ibí ni mo ti wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo fẹ́ wọ bridging, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń gbé RPN lọ sí ipò RN, kí n lè di RN, nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò ju ti RPN lọ. Máàkì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò burú, àmọ́ kò dán. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni. Kí ni àwọn iléèwé ń wò gan-an? Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn ti iṣẹ́ alẹ́ dé kí ọmọ ti jí sílẹ̀ dè é. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ tọ̀ yìí ni èmi náà tọ̀, mo sì máa ń bá àwọn tó fẹ́ wọlé ka lẹ́tà tí wọ́n fi ń wá àyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ọdún tí àwọn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò gba àwọn wọlé. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń ronú bíi RN kó tó di RN ni iléèwé ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bridging tí ẹ fẹ́ wọ̀ yóò gbé yín débi tí ẹ ń lọ. Láti ọdún 2005, ẹni tó bá kàwé nọ́ọ̀sì ní Ontario gbọ́dọ̀ gba dìgírì kó tó lè di RN. Nítorí náà, dìgírì nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní BScN ni bridging náà gbọ́dọ̀ parí sí, kó sì jẹ́ èyí tí College of Nurses of Ontario (CNO), àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, fọwọ́ sí. Àkójọ orúkọ wọn wà lórí ìkànnì CNO. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó wò ó. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà kí ẹ tó wá, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí CNO kọ́kọ́ yẹ ìwé yín wò. Òfin tó de àwọn tó kàwé lókè òkun ti rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lè má nílò dìgírì tuntun rárá.)

Láísẹ́ǹsì RPN yín gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó má sì ní àbààwọ́n lọ́dọ̀ CNO, lọ́jọ́ tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù àti títí ẹ ó fi parí ẹ̀kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìparí ọdún bá yín láìtíì tún un ṣe.

Ní ti máàkì, òótọ́ ni pé wọ́n ń wò ó, torí àyè kò tó àwọn tó ń wá a. Tí tiyín kò bá dán, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní ìpele yunifásítì, bíi statistics, kí ẹ sì fi gbogbo agbára yín ṣe é. Athabasca University máa ń jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì báyìí ní ọjọ́ kìíní oṣù èyíkéyìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń fúnni ní oṣù 6 láti parí rẹ̀. Máàkì tuntun tó dára á fi ẹni tí ẹ jẹ́ lónìí hàn wọ́n. Ẹ kàn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléèwé bóyá wọ́n ó gbà á.

Dìgírì ìṣirò owó yín náà kò ṣòfò. Ó lè dí àyè díẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Àmọ́ wọ́n lè ní kí WES, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè, yẹ̀ ẹ́ wò, yunifásítì yín nílé fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi transcript (àkọsílẹ̀ máàkì yín) ránṣẹ́. Èyí tó wà nínú àpótí yín kò wúlò fún ìyẹn. Ẹ wá ẹni tó lè bá yín lọ sí ọ́fíìsì wọn láti ìsinsìnyí.

Ibi tí ẹ ó ti kọ fọ́ọ̀mù yàtọ̀ síra. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń gba orí ontariocolleges.ca, ti yunifásítì sì máa ń gba OUAC, ibi tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì Ontario. Àwọn mìíràn ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ẹ fi sọ́kàn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ sì wo ọjọ́ ti iléèwé kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku lẹ́tà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò jù sí. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa tọ́jú aláìsàn.” Mo ti kà á títí ojú mi fi ń ro mí. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ wá wo èyí:

“Bàbá kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún mi tí mo bá gbé oògùn alẹ́ wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dákẹ́ lágbedeméjì ọ̀rọ̀. Mo ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 28. Lọ́sàn-án, 18 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Mo pe RN, mo sì sọ ohun tó yàtọ̀ fún un. Òun ló béèrè iye ìgbà tó ti tọ̀ láti àárọ̀, tó gbọ́ àyà rẹ̀, tó rántí pé àìsàn lè wọ ara àgbà láìsí ibà, tó sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó tó pe dókítà. Mo rí i pé nǹkan ti yí padà. Bí a ṣe ń so ó pọ̀ ni mo fẹ́ wá kọ́.”

Ẹ rí i pé ẹni tó kọ ọ́ kò yin ara rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń kà á ti mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta ni CNO ní ká wò láti mọ iṣẹ́ tó tọ́ sí RPN àti èyí tó tọ́ sí RN: aláìsàn fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà, àti ibi tí wọ́n wà. Bí ipò aláìsàn bá ṣe ń ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni RN ṣe pọndandan tó. Títí di ìrọ̀lẹ́, èèyàn lè sọ bí ara bàbá yẹn yóò ṣe rí lọ́la. Lálẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́. Tí lẹ́tà yín bá fi hàn pé ẹ mọ ìṣẹ́jú tí nǹkan yí, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ má dárúkọ aláìsàn, ẹ má kọ nọ́ńbà yàrá, ẹ má fi ohun tí ẹbí rẹ̀ lè fi dá a mọ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó ti rí yín lẹ́nu iṣẹ́ ni kó kọ lẹ́tà ẹ̀rí, kì í ṣe ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹ lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Nipissing University ní bridging tí wọ́n ṣe fún RPN tó ń ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń kà á. Àmọ́ ọjọ́ clinical, ìyẹn ìdánrawò lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ ó dín ọjọ́ iṣẹ́ kù nígbà yẹn, ẹ sì nílò ẹni kan pàtó tó lè gbé àwọn ìbejì láàárọ̀ kùtù. Ẹ wádìí OSAP, owó ìrànwọ́ ìjọba Ontario fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ bá ti gba ìwé ìgbélùú, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ WeRPN, ẹgbẹ́ àwọn RPN ní Ontario, bóyá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wọn tó ń jẹ́ BEGIN ṣì ń gba èèyàn. Ẹni tó bá gbà á yóò ṣèlérí láti ṣiṣẹ́ ní Ontario lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó lè wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n á béèrè ìwé ọlọ́pàá, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àyẹ̀wò TB (ikọ́ ẹ̀gbẹ) onígbà méjì. Ibí ni èmi ti ṣubú. Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR ní ọjọ́ Ajé, mo wá lọ ṣe TB lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí abẹ́rẹ́ náà lè ba èsì jẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n pàdánù clinical. Ẹ ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ ṣe TB ṣáájú. Ìgbà kejì sì máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má fi dọ̀la.

NCLEX-RN, ìdánwò láísẹ́ǹsì RN tó wà níparí, kò ní ṣàjèjì sí yín pátápátá. Láti ọdún 2015 ni Ontario ti ń lò ó. Ní báyìí, ìbéèrè 85 sí 150 ni, wákàtí márùn-ún. Ẹ ti rí kọ̀ǹpútà tó ń yan ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń dáhùn nígbà tí ẹ ṣe REx-PN, ìdánwò láísẹ́ǹsì RPN.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe yunifásítì yín nílé nípa transcript. Lálẹ́ tí àwọn ìbejì bá sùn, ẹ kọ ìtàn aláìsàn kan sílẹ̀, ojú ìwé kan péré, bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láàárọ̀.