Kí ni igi ọlọ́ràá tí wọ́n ń gùn ní Indonéṣíà túmọ̀ sí?

Ẹnì kan béèrè ìdí tí àwọn ará Indonéṣíà fi ń gun igi tí wọ́n fi ọ̀rá kùn lọ́jọ́ òmìnira wọn. Kí n tó dé, wọ́n ti dá a lóhùn pé ebi ni, pé nítorí ẹ̀bùn ìkòkò àti aṣọ ni wọ́n ṣe ń bu ara wọn kù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo gbé Jakarta fún ọdún mẹ́rin, mo sì mọ ohun tí mo fojú rí.

Panjat pinang lorúkọ eré náà. Pinang jẹ́ igi tó jọ ọ̀pẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, gíga. Wọ́n á fi ọ̀rá pa á, wọ́n á so ẹ̀bùn bíi kẹ̀kẹ́, ìkòkò àti aṣọ, pẹ̀lú àsíá ilẹ̀ wọn, pupa-òun-funfun, rọ̀ sórí rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ tí Soekarno àti Hatta, àwọn aṣáájú wọn, kéde òmìnira lọ́dún 1945. Wọ́n tún máa ń fi ẹnu já kerupuk, ìpápánu gbígbẹ kan, tí wọ́n fi okùn so rọ̀, wọ́n á sáré nínú àpò. Ìyẹn yé gbogbo ayé, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, adẹ́mu ní igbà. Ó fi gbá ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, òun nìkan ló ń gùn ún. Lọ́hùn-ún, èjìká ọmọnìkejì ni igbà. Ẹni tó sanra jù á dì mọ́ ìdí igi, èkejì á gun èjìká rẹ̀, ẹ̀kẹta á gun ti èkejì, títí á fi kan ọmọ tó fúyẹ́ jù. Gbogbo wọn á sì jọ yọ̀ ṣùrù wálẹ̀. Wọ́n á bọ́ aṣọ ọrùn wọn, wọ́n á fi nu ọ̀rá náà, wọ́n á tún gùn ún. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ wá wo ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ ń tó pẹpẹ, nítorí pé àgbà gbà kí ó tẹ òun léjìká! Gotong royong ni wọ́n ń pe irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ń pè é ní ọ̀wẹ̀ àti àárò, kí a tó gbàgbé wọn.

Wọ́n ní ayé ìjọba Nẹ́dálándì ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, tí òyìnbó á jókòó, tí á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kan kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, wọ́n ti gba igi náà lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó wà lókè nìkan ni fóònù gbogbo ènìyàn ń yà. Èmi wo ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá ti dí i létí, ipa ọmọ ìka ẹsẹ̀ márùn-ún hàn ketekete léjìká rẹ̀, ó di ojú, ó fi iwájú orí ti igi. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ òkè kan àsíá, gbogbo àdúgbò hó. Ọkùnrin yẹn kò tú igi sílẹ̀, nítorí àwọn tó wà lórí rẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀.