Oṣù mẹ́ta nílé láìgba owó: ohun tó lè ṣe fún pálí yín

Ẹ kú ìrójú o. Ẹ ní bàbá ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn, ọ̀gá yín sì ti gbà kí ẹ lọ lo oṣù mẹ́ta nílé láìgba owó oṣù. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá yóò kan ILR (àṣẹ láti máa gbé UK títí lọ) tí ẹ fẹ́ béèrè fún. Yóò kàn án. Ọ̀nà méjì ló lè gbà kàn án, ọjọ́ tí ẹ ó lò lẹ́yìn odi àti owó oṣù tí ẹ ò ní gbà, ti ọjọ́ tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn kọ́ ló sì léwu jù.

Físà Skilled Worker bíi tiyín lèmi náà lò, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, èyí tí agbanisíṣẹ́ ní UK ń dúró fún èèyàn láti gbà; òun ni wọ́n ń pè ní sponsor. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Leeds ni mo wà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá màmá mi gúnlẹ̀. Èmi ni àkọ́bí, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kúrò nílẹ̀, torí òun ni gbogbo ayé ń pariwo. Láàárín ọdún márùn-ún tí ẹ fẹ́ fi béèrè, kò gbọdọ̀ sí oṣù 12 kankan tí ẹ ti lo ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi UK. Oṣù 12 kankan, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibi tó bá wu Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ká ní ẹnì kan jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2023, tó sì wọlé padà ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 89 nìyẹn, torí wọn kì í ka ọjọ́ tí èèyàn jáde àti ọjọ́ tó wọlé. Ó tún lọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2024, ó dé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà: ọjọ́ 105. Bó bá ka ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n inú oṣù 12 kan náà ni méjèèjì bọ́ sí, ó di 194, ó ti kọjá. Ẹni tí wọ́n fún ní físà tó ṣì jókòó sílé, tó ń wá ẹni tí yóò ra mọ́tò rẹ̀ kó tó wọ bàálù, ọjọ́ yẹn náà wà nínú ìṣirò.

Oṣù mẹ́ta yín kò tó 180 o, àyàfi bí Kérésì tí ẹ lọ ṣe nílé tàbí ìgbéyàwó àbúrò yín bá wà láàárín oṣù 12 yẹn. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òǹtẹ̀ tí àwọn immigration ń lù ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà wúlò gan-an níbí. Ibi tó bá ti parẹ́, ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì inú ímeèlì yín.

Owó oṣù ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Bí ẹni tí wọ́n sponsor bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba owó fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti January sí December, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi tó Home Office létí, kó sì yọwọ́ sponsor. Tí wọ́n bá ti yọwọ́, Home Office lè gé físà kúrú, ọjọ́ 60 ló sì sábà máa ń ṣẹ́ kù láti wá ibòmíràn tàbí kí èèyàn kẹ́rù. Kò kàn wọ́n bóyá ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ìsinmi ìbímọ, àìsàn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti ìyanṣẹ́lódì kò sí nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Àìsàn bàbá ẹni kò sí lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìkókó tó wà lórí ìsinmi ìbímọ, tó lọ sílé kí ìyá rẹ̀ lè bá a wẹ ọmọ, bọ́ lọ́wọ́ òfin owó oṣù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó lò nílé ṣì ń wọ inú 180 rẹ̀.

Mánéjà tèmi náà ní kí n máa lọ lójú ẹsẹ̀, àánú ló ṣe é. Obìnrin tó ń bójú tó ìwé sponsor wa ní head office ló pè mí nígbà tí mo ti ń di ẹrù. Ó ní kí n má lọ bẹ́ẹ̀. A ṣí kàlẹ́ńdà sórí fóònù: ìsinmi ọdún tó ṣẹ́ kù fún mi ni a kọ́kọ́ lò tán, owó ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ tí kò ní owó wá bọ́ sí ìparí December. Bí January ṣe wọlé, ìṣirò tuntun bẹ̀rẹ̀. Kò sí àrékérekè níbẹ̀, bí òfin ṣe wà nìyẹn, ọ̀pọ̀ mánéjà ni kò sì mọ̀ ọ́n.

Àìsàn màmá tún padà kí ọdún tó yí po. Mo mọ̀ pé tí mo bá lọ, ọjọ́ mi yóò ju 180 lọ, mo sì lọ. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún àìsàn tó lè gba ẹ̀mí ìbátan tímọ́tímọ́, tàbí ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n máa bi yín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn fún mi jẹ́ ìlà méjì: “This is to certify that the above-named is a patient here.” Orúkọ àìsàn ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Ìta ọ́fíìsì dókítà àgbà ni mo sùn sí lórí bẹ́ǹṣì kí n tó rí èyí tó dáa: ohun tó ń ṣe é, bó ṣe le tó, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, pé kò lè dá jẹun, pé èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ikú ni (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o), ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ National Population Commission ni kí ẹ gbà. Àwòrán “Ó dìgbóṣe” tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní ran yín lọ́wọ́.

Nígbà tí mo béèrè fún ILR, Home Office kọ̀wé béèrè àlàyé lọ́wọ́ mi, mo fi lẹ́tà dókítà àti ti ibiṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n fún mi. Màmá ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó tún ti ń bá àwọn aládùúgbò jà. Bí wọn ò bá tilẹ̀ gba àlàyé yín, físà yín ò kú torí ọjọ́ 180 nìkan. Ọdún márùn-ún yẹn ló máa yẹ̀, ẹ ó ní láti dúró títí ẹ ó fi rí ọdún márùn-ún mìíràn tí kò ní àbùkù. Ẹ rántí pé ìjọba ti kéde ní May 2025 pé àwọn fẹ́ sọ márùn-ún di mẹ́wàá, nítorí náà ìdúró lè má kúrú mọ́.

Ẹ má gba ìmọ̀ràn ẹbí tó wà ní Canada lórí èyí. Kí wọ́n lo ọjọ́ 730 ní Canada láàárín ọdún márùn-ún ni tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba PR (àṣẹ ìgbé títí lọ tiwọn) tán. Òfin wọn ò bá tiwa mu rárá.

Ní tiyín, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ímeèlì sí HR (àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́), kì í ṣe sí ọ̀gá. Ẹ béèrè iye ìsinmi olówó tó ṣẹ́ kù fún yín, àti bóyá wọ́n lè fún yín ní compassionate leave (ìsinmi àánú nítorí ìṣòro ẹbí) tó lówó nínú. Ẹ tún bi wọ́n ní iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ti lò láìgba owó láti January. Kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní kíkọ.