Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Béjidé, kí sì ló dé tí òbí fi ń fẹ́ ẹ?

Béjidé ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí nígbà tí òjò ń rọ̀, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Eji ni òjò. Ọmọ tó bá eji dé ni Béjidé.

Ìdí tí orúkọ náà fi ń wu òbí kò jìnnà. Òjò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń wò kó tó gbin àgbàdo. Ọmọ tó wọlé pẹ̀lú òjò, ayọ̀ rẹ̀ di méjì. Orúkọ náà kúrú, ó dùn ún pè, kò sì dárúkọ òrìṣà kankan, nítorí náà ó bá Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Òjó rọ́pò rẹ̀, àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an nítorí pé a kì í sábà fi àmì ohùn sórí orúkọ. Òjó kò bá òjò tan rárá. Ọmọkùnrin tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà ìbí ni Òjó; bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni níbi púpọ̀.

Ẹni tí Béjidé jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ lè má bá òjò kankan wá. Ó lè jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀ ni wọ́n bí sínú òjò.