Ẹ dá ṣọ́bìrì dúró ná: ìdáhùn fún ẹni tí ológbò rẹ̀ ń kú lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ológbò wa, Dúdúyẹmí, ti pé ọdún 16. Dókítà ẹranko ní kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, kò ní pẹ́ mọ́. Bàbá Ìbejì ní bó bá kú kí a dì í sínú ọ̀rá kí àwọn akólẹ̀ gbé e lọ. Èmi fẹ́ sin ín sínú ọgbà wa, mo sì fẹ́ nǹkan tí a ó máa fi rántí rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ohun ìrántí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ìsìnkú kẹ́yìn, torí ohun tí ilẹ̀ bá ti gbà, ẹ ò ní fẹ́ hú u mọ́. Nísinsìnyí tó ṣì wà láàyè, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù: igbe tó máa ń ké tí ebi bá ń pa á, àti hùùn-hùùn tó máa ń ṣe lábẹ́ ọwọ́ yín. Fọ́tò ológbò kì í wọ́n nílé ẹnikẹ́ni; ohùn ni wọ́n máa ń wá tì. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú rẹ̀ ò sì ní mọ́ dáadáa tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹ má fi falẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 3 ni òkú ológbò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ooru sì máa ń mú un yá. Ẹ tẹ́ aṣọ tó ń fa omi sábẹ́ ìdí rẹ̀, torí ìtọ̀ á jáde, kẹ́ ẹ sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ìgbà tó ń sùn. Ojú rẹ̀ lè má pa dé. Kò sí àmì kankan níbẹ̀ o, iṣan ìpéǹpéjú ni kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kàn. Ẹ wá amọ̀ tútù díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, ẹ pò ó kó kúnná, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi aṣọ tútù nu àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú kan, ẹ gé irun tó yọ láàárín ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e sókè tààrà. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún sósì, àmì náà á fẹ̀ bíi ti ajá. Ìka 4 lẹ máa rí, àti ibi rọ̀bọ̀tọ̀ kan láàárín. Ìka karùn-ún wà lókè, kì í kan ilẹ̀. Èékánná náà ò ní hàn, inú ni ológbò máa ń fà á sí.

Lẹ́yìn náà ni POP, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà yàrá. Ife omi 1, ife POP 2. POP ni kẹ́ ẹ máa rọra wọ́n sínú omi. Tẹ́ ẹ bá da omi lé POP lórí, á ṣu. Ẹ rò ó, ẹ dà á sórí amọ̀ náà kíákíá, torí kì í pẹ́ dì. Tó bá pé wákàtí kan, ẹ bó amọ̀ kúrò: ẹsẹ̀ Dúdúyẹmí gan-an á yọ sókè. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú POP fúnra rẹ̀ láé, ó máa ń gbóná bó bá ń dì, ó sì máa ń gbá irun mú. Àwọn kan máa ń lo ìyẹ̀fun àti iyọ̀. Kò wù wá: tí òjò bá dé, iyọ̀ á fa omi, gbogbo rẹ̀ á rọ̀, á sì hu funfun.

Ẹ gé irun díẹ̀ níbi ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi òwú so ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó wọ ìgò. Ìdérí ìgò náà gbọ́dọ̀ le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò tó ń jẹ aṣọ á jẹ òun náà.

Ní ti sàréè, ẹsẹ̀ bàtà 3 ni, kó jìnnà sí kànga. Aṣọ òwú tàbí páálí ni kẹ́ ẹ fi wé e. Ọ̀rá tí Bàbá Ìbejì ń sọ kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, òkú á kàn di omi síbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì pẹ́. Ẹ to òkúta pẹlẹbẹ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀ kí ajá má baà hú u, kẹ́ ẹ sì kó iyẹ̀pẹ̀ jọ ga, torí á wọlẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni dókítà fi rán an lọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn sí i: oògùn náà ṣì wà nínú ẹran, ó sì lè pa ajá tó bá jẹ ẹ́. Ẹ lè gbin ẹfinrin sórí rẹ̀, bó bá dá yín lójú pé ẹnikẹ́ni ò ní já a sínú ọbẹ̀.

Fún àwọn òǹkàwé yòókù: bí ológbò bá ti gé èèyàn jẹ tàbí ya èèyàn lára láàárín ọjọ́ 10 kó tó kú, ẹ má ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí, ẹ má sì tíì sin ín. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹranko kó wá gbé òkú fún àyẹ̀wò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọdún 5 ń bèèrè ìgbà tí ológbò wa máa dé. Ìyá ọkọ mi ní kí n sọ pé ó rìnrìn-àjò. Àwọn aládùúgbò sì ń fi wá rẹ́rìn-ín pé à ń ṣọ̀fọ̀ ẹran. (Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá, ẹ má sọ ìrìn-àjò. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé báàgì lọ Èkó lọ́la, ẹkún ni. Ẹ má sì sọ pé ó ń sùn, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sọ pé ó ti kú, ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè jẹun, nǹkan kan ò sì dùn ún. Á tún bèèrè lọ́la àti lọ́túnla. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi dá a lóhùn. Ní ti àwọn aládùúgbò, Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2,400 sẹ́yìn pé bí ológbò bá kú nílé kan ní Íjíbítì, gbogbo ará ilé ló ń fá irun tó wà lókè ojú wọn. Tiyín kò tíì dé bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Wọ́n sun òkú ológbò mi, mo da eérú rẹ̀ sídìí òdòdó rósì inú ìkòkò, òdòdó náà sì kú. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Eérú òkú ní iyọ̀ nínú púpọ̀, ó sì le bí eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bó bá kan gbòǹgbò ní tààrà, á jó o. Ẹ kó èyí tó kù kúrò níbẹ̀, ẹ pò ṣíbí kan péré mọ́ odidi garawa iyẹ̀pẹ̀ tuntun kẹ́ ẹ tó tún gbin òmíràn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìyókù sínú ìgò.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ológbò wa bì, ó ṣu gbuuru, ó kú lọ́jọ́ kẹta. A tọ́jú àwo oúnjẹ àti ẹní rẹ̀ fún ìrántí. Ṣé a lè mú òmíràn wálé? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó jọ àrùn parvo ti ológbò, dókítà ẹranko ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilé fún ọdún kan, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Ẹ sun ẹní náà. Àwo lẹ lè dá sí: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ rì í sínú ife Hypo 1 tẹ́ ẹ pò mọ́ ife omi 32, fún ìṣẹ́jú 10. Omi yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀. Ológbò tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé nìkan ni kẹ́ ẹ mú wọlé, kẹ́ ẹ sì ra àwo tirẹ̀ fún un.